Ta Ló Ni Wáyà? Ìtàn Sẹ́ńsọ̀ Afẹ́fẹ́ Títí Dé Douala

Nínú gbogbo ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òde òní, agbára káká la fi lè rí èyí tí wọ́n ń dá lẹ́bi láìṣẹ̀ tó sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́. Ohun kékeré kan ni, tó jókòó sí ojú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà láti inú fílítà lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ṣe wúwo tó, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ìwọ̀n epo tí yóò tú sí i. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí takisí kò fà mọ́, tó ń mu epo bí ẹni ń mu omi, tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò sì gbé kóòdù P0102 jáde, ìdájọ́ ti parí nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Douala, àti ní Èkó pẹ̀lú: "Sẹ́ńsọ̀ ti kú. Ẹ lọ ra òmíràn wá."

Ṣùgbọ́n kóòdù yẹn kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kú. Ohun tó sọ ni pé iná tó ń padà wá bá kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà sẹ́ńsọ̀ náà kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀nà iná ni kóòdù ń tọ́ka sí, láti fíúsì dé rílè, láti rílè dé sẹ́ńsọ̀, láti sẹ́ńsọ̀ padà sí kọ̀ǹpútà. Sẹ́ńsọ̀ kàn jẹ́ ibùdókọ̀ kan lójú ọ̀nà náà ni. Dírẹ́bà takisí tó gbọ́dọ̀ san owó fún ẹni tó ni ọkọ̀ lójoojúmọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní "recette" ní Douala tí àwa ń pè ní délífárì, ni yóò fi àpò ara rẹ̀ san ìyàtọ̀ tó wà láàrin gbólóhùn méjèèjì. Àwọn kan máa ń sọ pé àìmọ̀wé àwọn mẹkáníìkì wa ló fà á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá tọpa ibi tí sẹ́ńsọ̀ yìí ti wá àti bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, a óò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1914, onímọ̀ físíìsì kan tó ń jẹ́ Louis Vessot King, ní Yunifásítì McGill ní ìlú Montreal, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí ooru ṣe ń kúrò lára wáyà tín-ín-rín tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù. Ó fi ìṣirò hàn pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń yára sí i ni wáyà gbígbóná ṣe ń tutù sí i, àti pé iná tí wáyà náà nílò láti lè máa gbóná bákan náà lè sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yára tó fún wa. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ gbígbóná kí ó tó mu ún ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn. Ní ọdún 1914 yẹn kan náà, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ, ni ìjọba Jámánì yẹgi fún Ọba Rudolf Duala Manga Bell ní Douala, lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀, nítorí pé ó kọ̀ kí wọ́n lé àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ wọn létí odò Wouri. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tan mọ́ ara wọn rárá. Mo kàn dárúkọ rẹ̀ kí òǹkàwé lè mọ irú ayé tí Douala wà nígbà tí ìmọ̀ yìí ń yọjú níbòmíràn ni.

Ó tó nǹkan bí àádọ́rin ọdún kí ìmọ̀ King tó dé inú ọkọ̀. Kò sí ẹni tó nílò rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Kábúrétọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, kì í sì í wọn nǹkan kan: bí afẹ́fẹ́ bá ti ń sáré kọjá ní ọrùn rẹ̀ tóóró, yóò fa epo jáde fúnra rẹ̀ láti ojú ihò kékeré. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróò nílò nǹkan bí kílógíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 fún kílógíráàmù epo kan kí epo náà tó lè jó tán pátápátá. Kábúrétọ̀ máa ń súnmọ́ ìwọ̀n yìí, ó máa ń kọjá rẹ̀, ó máa ń dín sí i, ọkọ̀ á sì máa lọ. Èéfín ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ìlú Los Angeles ń kú lọ lábẹ́ èéfín ọkọ̀, ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òfin ní àwọn ọdún 1960, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti ọdún 1970. Ẹni tó bá fẹ́ ta ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń wọn epo ní ìwọ̀nba.

Bosch ti Jámánì ló síwájú nínú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1967, wọ́n fi ẹ̀rọ D-Jetronic sínú Volkswagen 1600. Lẹ́tà D yẹn dúró fún ọ̀rọ̀ Jámánì tó túmọ̀ sí ìfúnpá, nítorí pé ìfúnpá afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ni ẹ̀rọ náà ń wọ̀n, tí ó sì ń ti ibẹ̀ ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Ní 1973 ni L-Jetronic dé, L fún afẹ́fẹ́: wọ́n fi ilẹ̀kùn kékeré kan sójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ á tì í, bó bá ṣe ṣí tó ni iná tó ń lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà yóò ṣe rí. Nígbà tó di 1981, LH-Jetronic mú wáyà gbígbóná wọlé, wáyà pílátínọ́ọ̀mù tí kò nípọn ju irun orí ènìyàn lọ. Ohun tí King ṣírò ní Montreal ni wáyà yìí ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n tún fún un ní ọgbọ́n kan tó wù mí púpọ̀: bí dírẹ́bà bá ti pa ẹ́ńjìnnì, wáyà náà á gbóná títí tí yóò fi pọ́n fòò fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, láti jó ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 kò ní ọgbọ́n yẹn mọ́, a óò sì rí bó ṣe kan wa.

Kí ni ó ń lọ lọ́dọ̀ tiwa ní gbogbo àsìkò yìí? Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ṣí ní Kàdúná, ti Volkswagen sì ṣí ní Ọ̀jọ́ ní Èkó. Ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tò jáde, àwọn ni wọ́n sì kún títì ní Nàìjíríà, ní Benin, ní Tógò, ní Kamẹrúùnù. Lórí àwọn ọkọ̀ yẹn ni ìran àwọn ògá mẹkáníìkì tó kọ́ àwọn ògá òde òní ti kọ́ṣẹ́. Etí ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, àti imú, àti ojú. Ọmọṣẹ́ á yọ plọ́ọ̀gì, ògá á wo àwọ̀ orí rẹ̀: bó bá dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ jù, bó bá funfun, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù, bó bá ní àwọ̀ ilẹ̀, ó dára. Ìmọ̀ tó jinlẹ̀ ni. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ń fi irú àwọn ògá bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lè ka plọ́ọ̀gì.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ìkọ́ṣẹ́ yẹn tó ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí tí mo ti ń sọ lọ. Iṣẹ́ ọkọ̀ pín sí méjì. Mẹkáníìkì ló ni ẹ́ńjìnnì, gíà àti ẹsẹ̀ ọkọ̀. Rìwáyà ló ni iná: iná iwájú, fèrè, bátìrì, ẹ̀rọ tó ń ta iná sí bátìrì, kíìkì. Ògá kálukú wọn, ọmọṣẹ́ kálukú wọn, ìsinmi kálukú wọn. Bákan náà ló rí ní Douala, níbi tí mécanicien àti électricien ti jẹ́ ènìyàn méjì lábẹ́ igi méjì. Láyé kábúrétọ̀, ìpín náà bọ́gbọ́n mu, torí pé ilẹ̀ àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ pa ààlà: kọ́ìlì àti plọ́ọ̀gì nìkan ni wọ́n jọ ń fọwọ́ kàn.

Sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ bọ́ sórí ààlà yẹn gan-an. Ó wà nínú ọ̀nà afẹ́fẹ́, nítorí náà rìwáyà kà á sí ti mẹkáníìkì. Wáyà ló jáde lára rẹ̀, nítorí náà mẹkáníìkì kà á sí ti rìwáyà. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ rí ẹni ni ín, nítorí pé a lè yọ ọ́, a lè gbé e dání lọ ọjà. Wáyà tó wà láàrin rẹ̀ àti kọ̀ǹpútà ni kò rí ẹnìkan.

Bí àwọn ọkọ̀ tó ní sẹ́ńsọ̀ ṣe dé kì í ṣe ìtàn gígùn. Láti ọdún 1993, gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òfin èéfín tí wọ́n ń pè ní Euro 1, òfin yẹn ló sì pa kábúrétọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n já owó sẹ̀fà sí ìdajì: fráǹkì Faransé kan tó jẹ́ sẹ̀fà 50 tẹ́lẹ̀ di 100 lálẹ́ ọjọ́ kan. Fún ọmọ Kamẹrúùnù, ohun tuntun láti Yúróòpù di ìlọ́po méjì owó rẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì di àlá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọkọ̀ àlòkù ló kù, Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀m sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ẹnu ọ̀nà tó ń gbà jáde lọ sí Douala, Cotonou àti Èkó. Kì í ṣe lásán ni àwọn oníṣòwò ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Nàìjíríà fi ń pe àlòkù ẹ̀yà ní "Belgium" títí di òní. Àwọn ọkọ̀ tí òfin Euro 1 bí gbó ní Yúróòpù, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ ní etí odò Wouri. Òfin tí àwọn ará Kalifọ́níà ṣe nítorí èéfín ìlú wọn wá di iṣẹ́ òòjọ́ ọmọkùnrin kan ní Ndokoti.

Kódà ní àárín Toyota, tí gbogbo Douala mọ̀ bí ẹni mọ owó, ìyípadà náà kò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ Corolla àti Carina ti àwọn ọdún 1990 kò ní sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́. Ìfúnpá ni wọ́n ń wọ̀n, bíi D-Jetronic àtijọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àìsàn wọn á fi wáyà kékeré so ihò méjì pọ̀ nínú àpótí kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, á sì máa ka iye ìgbà tí iná ẹ́ńjìnnì bá ń ṣẹ́jú. Corolla tó dé lẹ́yìn ọdún 2000 ló sọ sẹ́ńsọ̀ oníwáyà gbígbóná di ohun tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pàdé. Pẹ̀lú rẹ̀ ni kóòdù òde òní dé. Amẹ́ríkà ló fi dandan lé e fún gbogbo ọkọ̀ tuntun ní 1996, Yúróòpù tẹ̀ lé e fún ọkọ̀ bẹntiróò ní 2001. Láti ìgbà náà ni ẹ̀kẹta ti dara pọ̀ mọ́ mẹkáníìkì àti rìwáyà: ẹni tó ni ẹ̀rọ tí ń ka kóòdù. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pe ẹ̀rọ náà ní "valise", àpótí ìrìnàjò. Orúkọ náà bá a mu, nítorí pé ẹni tó ni ín máa ń gbé e wá, á so ó mọ́ ọkọ̀, á ka kóòdù, á gba owó, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Báyìí ni ènìyàn mẹ́ta ṣe yí ọkọ̀ kan ká, tí kò sì sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tọ wáyà láti orí dé ìdí.

Mo gbọ́dọ̀ ṣe òdodo sí àwọn tó ń pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ láìwádìí. Pípààrọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìwádìí. Irú sẹ́ńsọ̀ kan náà ló wà lára oríṣiríṣi Toyota, bí takisí méjì bá sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mẹkáníìkì lè yọ ti èyí tó dára, kí ó fi sínú èyí tí ń ṣàìsàn, kí ó mọ òótọ́ láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí àìsàn kò bá lọ, sẹ́ńsọ̀ kò jẹ̀bi. Kò náni ní kọ́bọ̀. Ọgbọ́n gidi ni, ìwé àwọn tó ṣe ọkọ̀ kò sì kọ ọ́ síbẹ̀. Ìgbà tí takisí kejì kò sí nítòsí ni ọgbọ́n náà di ìjàǹbá, nítorí pé kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀, dírẹ́bà gbọ́dọ̀ rà á. Ọjà kì í sì í gba ohun tó ti kan iná padà. Bí èyí tó rà bá jẹ́ ayédèrú tuntun, tó pọ̀ lọ́jà, tàbí "Belgium" tó ti kú láti Bẹ́ljíọ̀m wá, ìwádìí náà yóò parọ́ fún gbogbo wọn.

Àwọn kan tún máa ń yọ ojú wáyà sẹ́ńsọ̀ kúrò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá dára sí i, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Sẹ́ńsọ̀ ni." Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé kọ̀ǹpútà ti rí i pé kò sí ìròyìn mọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fojú bù ú láti ara eré ẹ́ńjìnnì àti bí ẹsẹ̀ dírẹ́bà ṣe tẹ̀ ẹ́ tó. Èyí fi hàn pé irọ́ ni ìròyìn tó ń dé tẹ́lẹ̀. Kò fi hàn bóyá sẹ́ńsọ̀ ló purọ́ tàbí wáyà.

Báwo la ṣe ń wá òótọ́? Ẹ jẹ́ ká mú Corolla oníwáyà márùn-ún. Gbogbo aláńgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀kan nínú wáyà márùn-ún náà ń gbé iná bátìrì wá. Èkejì ni earth rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó ń gbé ìròyìn afẹ́fẹ́ lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà. Méjì tó kù jẹ́ ti ìwọ̀n ooru afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀, kóòdù tiwọn náà sì yàtọ̀. Lórí Toyota, bí iná ìròyìn bá lọ sílẹ̀ ju fólìtì 0.2 lọ tàbí tó kọjá 4.9 fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kọ̀ǹpútà á kọ kóòdù. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí fíúsì bá jó, sẹ́ńsọ̀ kò ní rí iná jẹ, ìròyìn rẹ̀ á jẹ́ òdo, kóòdù á jáde. Bí wáyà ìròyìn bá gé, bákan náà. Bó bá bó tó sì kan ara ọkọ̀, bákan náà. Bí sẹ́ńsọ̀ bá sì kú lóòótọ́, bákan náà. Ìdí mẹ́rin, kóòdù kan.

Èyí tó kọ́kọ́ yẹ ní ṣíṣe kò náni ju mítà olówó pọ́ọ́kú lọ. Yọ ojú wáyà kúrò lára sẹ́ńsọ̀. Tan kọ́kọ́rọ́, má ṣe kíìkì ẹ́ńjìnnì. Fi ẹsẹ̀ dúdú mítà kan orí bátìrì tó jẹ́ earth, fi pupa kan ojú wáyà iná: ó yẹ kí ó súnmọ́ ti bátìrì, fólìtì 12 àti díẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi pupa kan orí bátìrì kejì, fi dúdú kan ojú wáyà earth sẹ́ńsọ̀: iye kan náà ló yẹ kí ó yọ. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá kùnà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dárúkọ sẹ́ńsọ̀ mọ́. Ìdí ìkùnà yẹn ló kù láti wá.

Ibí yìí ni mítà náà ti lè tan ènìyàn jẹ. Wáyà tí omi ti jẹ inú rẹ̀, tó ku fọ́nrán kan péré, ṣì lè fi fólìtì 12 hàn, nítorí pé mítà kì í fa iná tó nǹkan. Bí sẹ́ńsọ̀ bá fẹ́ mu iná níbẹ̀, kò ní rí i. Ohun tó lè tú àṣírí wáyà bẹ́ẹ̀ ni gílóòbù kékeré oníwáyà méjì tí àwọn rìwáyà àtijọ́ máa ń fi sápò. So ó láàrin ojú wáyà iná àti ojú wáyà earth: bó bá tàn kedere, ọ̀nà náà ṣe é gbé ẹrù, bó bá ń ṣe bàìbàì, ọ̀nà náà ti bàjẹ́, ohun yòówù kí mítà wí. Irinṣẹ́ àwọn baba, tí àwọn onívalise ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, ló mọ èyí jù. Kìkì pé a kò gbọ́dọ̀ fi gílóòbù kan wáyà ìròyìn láéláé, nítorí ó lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́, owó kọ̀ǹpútà sì ju ti sẹ́ńsọ̀ lọ fíìfíì.

Wáyà ìròyìn ní ọ̀nà tirẹ̀. A óò yọ orí bátìrì, a óò yọ ojú wáyà lára kọ̀ǹpútà, a óò fi mítà wò ó bóyá wáyà náà já gaara láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, àti bóyá kò kan ara ọkọ̀ níbì kankan. Tí gbogbo rẹ̀ bá dára, kí a so ohun gbogbo padà, kí a fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan wáyà náà láti ẹ̀yìn, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Níbi tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sinmi, díẹ̀ ju fólìtì kan lọ ló máa ń wà. Bí a bá tẹ iná mọ́ ọn, á gòkè. Nígbà náà ni kí a di ìdì wáyà mú, kí a máa mì í díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ fílítà títí lọ dé ògiri ẹ́ńjìnnì. Bí iye náà bá já wálẹ̀ lójijì, ọwọ́ wa wà lórí àìsàn náà.

Ní Douala pàápàá, mo rò pé wáyà ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún lé ní 3,500 mìlímítà, nǹkan bí ìlọ́po méjì ti Èkó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, omi ya wọ ilé àti títì kárí ọ̀pọ̀ àdúgbò ìlú náà. Ọ̀rinrin kì í kúrò nínú afẹ́fẹ́, òkun kò sì jìnnà. Bí ènìyàn bá ṣí ojú wáyà ọkọ̀ tó ti pẹ́ níbẹ̀, á rí àwọ̀ ewé lórí bàbà rẹ̀. Ìpata bàbà nìyẹn, iná kì í sì í gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa. Ọkọ̀ náà ti kọ́kọ́ lo ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù. Fi àwọn ibi tí wọ́n ti gé wáyà kún un, bóyá nítorí ẹ̀rọ ìdáàbòbò olè tàbí rédíò, tí wọ́n fi ọwọ́ lọ́ pọ̀, tí wọ́n sì fi téépù dì. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ti Douala tiẹ̀ ju ìrì lọ.

Ìgbà tí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ̀bi wà o. Eruku tó gba inú fílítà tó ti ya kọjá máa ń lẹ̀ mọ́ wáyà gbígbóná, kò sì sí iná tó ń jó o dànù bíi ti LH-Jetronic mọ́. Wáyà tó wọ aṣọ eruku kì í tutù bó ṣe yẹ, á sì máa sọ pé afẹ́fẹ́ kéré. Ṣùgbọ́n èyí sábà máa ń mú kóòdù mìíràn jáde, P0101 tàbí P0171, ìyẹn pé ìròyìn ń dé ṣùgbọ́n kò bá ìyókù mu. Ohun tó sì ń wò ó sàn ni òògùn fífín tí wọ́n ṣe fún un. Ẹni tó bá fi aṣọ nù ún ti sọ sẹ́ńsọ̀ tó dọ̀tí di sẹ́ńsọ̀ tó kú.

Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí rọrùn bí ènìyàn bá mọ wáyà tí í ṣe iná, tí í ṣe earth, tí í ṣe ìròyìn. Nínú àwòrán wáyà ni wọ́n kọ ọ́ sí, àwòrán náà kì í sì í bá ọkọ̀ wọ ọkọ̀ òkun. Ní Yúróòpù, òfin 715 ti ọdún 2007 pàṣẹ pé kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ jẹ́ kí mẹkáníìkì tí kì í ṣe tiwọn rí ìwé àtúnṣe rà. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú dìbò fún irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2012. Ìlànà àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí àyíká ti sọ ní 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù kéékèèké ni Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó jáde láàrin 2015 sí 2018, Áfíríkà ló sì gba ìpín tó pọ̀ jù. Ọkọ̀ tí ẹ̀tọ́ yẹn bo ní Brussels máa ń pàdánù ẹ̀tọ́ náà bó bá ti kan omi Antwerp. Ẹnikẹ́ni kò jí i. Kò sí ẹni tó ronú kàn án ni.

Wọn á ní àwòrán náà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ Toyota, ọ̀dọ́ tó gbọ́n ní Bépanda lè fi fóònù wá a rí. Ohun tí fóònù kò lè yí padà ni ọwọ́ tí a fi ń sanwó, àwa tó ni ọkọ̀ la sì jẹ̀bi èyí. A kì í sanwó fún ìwádìí. Bí mẹkáníìkì bá lo wákàtí méjì tó fi rí wáyà kan tó gé, tó sì so ó pọ̀, a óò ní, "Ṣé wáyà kan péré lo so tí o fi ń gba iye yẹn?" Bó bá mú sẹ́ńsọ̀ tuntun wá nínú páálí, a óò san owó ẹ̀yà, a óò sì fi owó iṣẹ́ lé e láìjiyàn, nítorí pé a rí ohun tí a rà. Mẹkáníìkì tó bá fẹ́ jẹun ti mọ èyí tí a fẹ́ràn.

Irú ọkọ̀ mìíràn sì ti ń bọ̀. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn kan nínú àwọn sẹ́ńsọ̀ tuntun kì í fi fólìtì sọ̀rọ̀ mọ́. Nọ́ńbà ni wọ́n ń rán lójú wáyà ìròyìn, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fi mítà kàn án, iye kan á yọ, á sì dúró síbẹ̀ láìmì, yálà ẹ́ńjìnnì ń sinmi tàbí ó ń ké. Mítà kò bàjẹ́, sẹ́ńsọ̀ kò sì kú. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìgbì iná nìkan ló lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Àwọn ọkọ̀ náà ti ń darúgbó ní Yúróòpù, wọ́n sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté wa.